Spitfire: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Títọ́jú àti Wíwa Ọkọ̀ Ogun Òfuurufú Àtijọ́ Tí A Tún Ṣe

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó bá rí Spitfire lójú ọ̀run tàbí nínú musíọ́ọ̀mù máa ń béèrè. Ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó sàn kí ènìyàn mọ ọkọ̀ kan dé ìdí ju kí ó fẹnu ba ogún lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a sọ níbí bá àwọn ọkọ̀ ogun mìíràn ìgbà náà mu, irú bí Hurricane àti Mustang. Ohun tó so gbogbo ìdáhùn náà pọ̀ ni pé wọ́n kọ́ ọkọ̀ yìí fún ogun, nígbà tí kò sí ẹni tó retí pé kí ó pẹ́, àwa lónìí sì fẹ́ kí ó pẹ́ ju ẹ̀mí gbogbo àwọn tó kọ́ ọ lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí a ń gbà lò ó lónìí yàtọ̀ gidigidi sí bí wọ́n ṣe lò ó nígbà ogun.

Kí ni Spitfire, kí ló sì kan ọmọ Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Spitfire jẹ́ ọkọ̀ ogun òfuurufú oníjòkòó kan tí ilé iṣẹ́ Supermarine ṣe ní ìlú Southampton. R. J. Mitchell ló ṣe olórí àwọn tó ya àwòrán rẹ̀, èyí àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ K5054, sì gbéra ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1936. Mitchell kú ní ọdún 1937, kí ọkọ̀ náà tó dé ọwọ́ ọmọ ogun kankan. Joseph Smith ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń tún un ṣe láti oríṣi kan dé òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní ọdún 1948, wọ́n ti ṣe ju 20,000 lọ.

Ní ti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1941, ẹgbẹ́ ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn RAF, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Hawkinge ní ìpínlẹ̀ Kent, wọ́n sì so orúkọ ilẹ̀ wa mọ́ ọn: 91 Nigeria Squadron. Owó tí àwọn ènìyàn wa dá láti ran ogun lọ́wọ́ ló mú orúkọ náà wá. Spitfire ni ẹ̀ka náà ń wà jálẹ̀ ogun, láti orí àwọn tó lo ẹ́ńjìnnì Merlin dé orí Mark 12 àti Mark 14 (Mark ni wọ́n fi ń pe oríṣi kọ̀ọ̀kan) tó lo ẹ́ńjìnnì Griffon, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń lé bọ́ǹbù V-1 tí Jámánì ń rán sí ìlú London ní ọdún 1944. Ẹni tó bá ń wo Spitfire ní Duxford, pápá ọkọ̀ òfuurufú tó tún jẹ́ musíọ́ọ̀mù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lónìí, tó sì rò pé ìtàn àwọn ẹlòmíràn nìkan ni òun ń wò, kò mọ èyí.

Ṣé ọkọ̀ tí a ń rí lójú ọ̀run lónìí gan-an ni èyí tó jagun?

Ó yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. P7350, tó wà ní Coningsby, pápá RAF kan ní ìpínlẹ̀ Lincolnshire, ni àpẹẹrẹ èyí tó ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Castle Bromwich ló kọ́ ọ ní ọdún 1940. Ó jà lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà gan-an, àwọn awakọ̀ Jámánì sì yìnbọn lù ú ní oṣù Kẹwàá. Páànù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá òsì rẹ̀ láti dí ihò ọta ṣì hàn síbẹ̀. Ní ọdún 1948 wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ tó ń ra irin àlòkù, àwọn yẹn ló sì mọyì rẹ̀ tí wọ́n fi dá a padà fún RAF dípò kí wọ́n yọ́ ọ.

Àwọn P9374 àti N3200 yàtọ̀ sí èyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, ní àkókò tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba Dunkirk sá padà sílé, àwọn méjèèjì já sí etíkun Faransé nítòsí Calais, yanrìn sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. P9374 kò yọjú títí di ọdún 1980. N3200 di ọdún 1986 kí wọ́n tó wà á jáde. Irin tó ti sùn nínú omi iyọ̀ fún ogójì ọdún kò ṣeé fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́, nítorí náà ìwọ̀nba ẹ̀yà ló ṣeé tún lò nínú wọn, èyí tó pọ̀ jù lọ sì jẹ́ irin tuntun tí wọ́n gé gẹ́gẹ́ bí àwòrán ti ìgbà yẹn. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì padà sí òfuurufú.

Àwọn kan máa ń bínú sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tuntun ni, kì í ṣe ti àtijọ́. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọkọ̀ ogun kò fìgbà kan dúró sórí ẹ̀yà tí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Ní ọdún 1941 pàápàá, apá ọkọ̀ kan ni wọ́n ń yọ láti fi tún òmíràn ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ni òtítọ́ ìwé: kí ẹni tó ni ọkọ̀ sọ ní kedere ohun tó jẹ́ ti àtijọ́ àti ohun tó jẹ́ tuntun, kí ó má sì ta ọkọ̀ tuntun ní owó ìtàn.

Ta ló ń ṣe ẹ̀yà tuntun?

Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni, kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ní erékùṣù Wight ni ilé iṣẹ́ Airframe Assemblies wà, tó ń ṣe ara àti apá Spitfire; àwọn tó ń to odindi ọkọ̀ wà ní Duxford àti Biggin Hill; Retro Track & Air ní Gloucestershire sì ń tún ẹ́ńjìnnì Merlin àti Griffon ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwòrán tí Supermarine yà nígbà náà ṣì wà nípamọ́, láìsí wọn kò sí ẹni tó lè gé irin kankan.

Ibi tó le jù ni igi àárín apá, èyí tó ń ru gbogbo ìwúwo ọkọ̀. Supermarine fi ọ̀pá onígun mẹ́rin bọ inú ara wọn, ọ̀kan nínú òmíràn: níbi tí apá ti kan ara ọkọ̀, ọ̀pá náà pọ̀ nínú ara wọn, bí ó sì ṣe ń lọ sí etí apá ni wọ́n ń dínkù, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹrù ti pọ̀ ni irin ti nípọn. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó mú kí ṣíṣe rẹ̀ ṣòro, ó sì mú kí yíyẹ̀ ẹ́ wò ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú kò lè rí ohun tó wà láàárín ọ̀pá méjì.

Nǹkan kékeré kan wà tó máa ń da àwọn mẹkáníìkì ìwòyí láàmú: bóòtì inú Spitfire kì í ṣe ti mílímítà. Òǹkà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, BSF àti BA, ni wọ́n fi gé e, sípánà ìgbàlódé yóò sì jẹ orí rẹ̀ run ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ ṣíṣe Merlin nígbà ogun, bóòtì Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n lò, kí ẹ̀yà wọn lè bá ti Rolls-Royce, ilé iṣẹ́ tó ni Merlin, mu. Àpótí irinṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tún Cessna, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ìgbàlódé, ṣe.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀?

Ìpẹtà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Aluminiọ́mù ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí aluminiọ́mù bá ti fara kan irin dúdú tí ọ̀rinrin sì wọ àárín wọn, jíjẹrà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú àwọn kan, pàápàá àwọn tó jáde lẹ́yìn, wọ́n lo rífẹ́ẹ̀tì magnísíọ̀mù, èyí tó máa ń di lẹ́búlẹ́bú bí ọdún bá ti gorí ọdún. Bí a bá tú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ó yọ.

Lẹ́yìn ìpẹtà ni rọ́bà: ọ̀nà tí omi, ọ́ìlì àti epo ń gbà kọjá, àti àwọn rọ́bà tí ń dí ẹnu wọn, a máa gbó bí ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ fò. Afẹ́fẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló ń ti bíréèkì àti fúláàpù, ìyẹn páànù abẹ́ apá tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìbalẹ̀. Bí ó bá ń jò níbì kan, awakọ̀ yóò balẹ̀ tán kí ó tó mọ̀ pé bíréèkì òun kò ní agbára tó. Ìdí nìyí tí wíwo gééjì afẹ́fẹ́ fi wà nínú àyẹ̀wò gbogbo òwúrọ̀.

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì Merlin?

Ibí ni àkókò àti owó tó pọ̀ ń lọ, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ sọ ọ́. Merlin jẹ́ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, tí ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ lítà 27. Ó ní fáàfù 48 àti plọ́ọ̀gì 24, nítorí plọ́ọ̀gì méjì ló wà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, magnẹ́tò méjì sì ń fún wọn ní iná, kí ọ̀kan lè gbé awakọ̀ délé bí èkejì bá kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tó ń fipá fún afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí agbára rẹ̀ má bàa dínkù ní òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Omi tí a pò mọ́ gláíkọ́ọ̀lù ló ń tù ú.

Kí a tó tan ẹ́ńjìnnì tó ti tutù, àwọn mẹkáníìkì máa ń fi ọwọ́ yí prọ̀pẹ́là rẹ̀, kí ọ́ìlì lè tàn kálẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan prọ̀pẹ́là náà láìkọ́kọ́ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé suwíìṣì magnẹ́tò méjèèjì wà ní pípa. Bí wáyà kan bá sì ti já, suwíìṣì lè wà ní pípa kí magnẹ́tò ṣì máa ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ẹni pé iná wà ni a ṣe ń fọwọ́ mú un nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, wọ́n á ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá ibi tí omi, ọ́ìlì tàbí epo bá ti ń jò. Ní àkókò tí ìlànà yàn, wọ́n á tú àṣẹ́ ọ́ìlì, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ iná. Èérún irin tó bá wà níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi ń sọ ohun tó ń ṣe é: èyí tó tẹ̀lé mágnẹ́ẹ̀tì wá láti ara irin líle, bíi gíà, èyí tí kò tẹ̀lé e, tó ń dán bí fàdákà, lè jẹ́ láti ara béárìn. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọgbọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé nígbà gbogbo, nítorí èérún kan lónìí kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n èérún tó ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù sọ ohun gbogbo.

Bí wákàtí tí a yàn fún un bá pé, tàbí tí ọ́ìlì bá ti ké gbàjarè kí ó tó pé, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n á tú u títí dé bóòtì tó kẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀yà ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń yẹ̀ wò fún sísán tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó ń gbà. Wọ́n ṣe Merlin tó nǹkan bí 150,000 lápapọ̀, ju 55,000 lọ nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun ló fi jẹ́ pé a ṣì ń rí ẹ̀yà tí a kò tíì lò rí nínú pákó tí wọ́n kó o sí nígbà ogun. Ṣùgbọ́n iye náà ń dínkù lọ́dọọdún, àwọn ẹ̀yà kan sì wà tó ti di dandan kí a máa rọ wọn ní tuntun.

Ohun tó ń ya àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni pé jíjókòó lásán a máa pa ẹ́ńjìnnì yìí ju fífò lọ. Ọ̀rinrin á wọ inú sílíńdà, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní fò ó fún oṣù mélòó kan gbọ́dọ̀ fín ọ́ìlì tí ń dènà ìpẹtà sínú rẹ̀, kí ó sì dí gbogbo ẹnu rẹ̀.

Irú epo wo ni ó ń lò, ó sì ti ń mu tó?

Epo ọkọ̀ òfuurufú tí a mọ̀ sí Avgas 100LL ni. Tánkì méjì ló wà níwájú awakọ̀, lókè orúnkún rẹ̀ gan-an, tí wọ́n jọ gba gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 85, ìyẹn nǹkan bí lítà 386. Ní ìrìn pẹ̀lẹ́, gálọ́ọ̀nù 40 tàbí kí ó lé díẹ̀ ló ń mu ní wákàtí kan, nítorí náà ìrìn àjò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn.

Nígbà ogun, awakọ̀ Mark 9 lè ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé 18 páùn ìfúnpá kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Lónìí, àwọn olówó ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ó súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Kò sí ọ̀tá lẹ́yìn, gbogbo páùn tí a bá sì fi kún un ń gé ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà kù. Ṣùgbọ́n kò tún yẹ kí a mú un jẹ́jẹ́ jù nílẹ̀: òjé wà nínú epo náà, bí ẹ́ńjìnnì bá pẹ́ lórí ìyípo tó lọ sílẹ̀, òjé á dí ẹnu plọ́ọ̀gì.

Ta ló ń fún un ní àṣẹ láti fò?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ CAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú, ni fún ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ aládàáni. Spitfire kò ní irú ìwé ẹ̀rí tí ọkọ̀ èrò ń gbà, nítorí wọn kò kọ́ ọ ní ìbámu pẹ̀lú òfin ọkọ̀ èrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìfò tí a ń pè ní Permit to Fly ni ó ń lò, ó sì ní òté tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí CAA fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó o, gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pé kò ní fò, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tilẹ̀ ń ké bí ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àwọn ọkọ̀ tó wà ní Coningsby jẹ́ ti RAF, abẹ́ òfin ológun ni wọ́n wà.

Kí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe nígbà òtútù?

Wọ́n ń tú u ni. Láti oṣù Kẹwàá títí di ìgbà ìrúwé ni àkókò iṣẹ́ ńlá, kí ó lè ṣetán fún àwọn àríyá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń kánjú láti gbéra lẹ́yìn tí ó bá ti tan ẹ́ńjìnnì?

Nítorí ooru. Lára àwọn Spitfire ìbẹ̀rẹ̀, títí dé Mark 5, rádíétọ̀ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀ náà nígbà tó bá wà nílẹ̀ sì dúró níwájú rẹ̀, tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ń dúró de àṣẹ ní ọjọ́ tí oòrùn mú, omi inú rẹ̀ yóò gbóná títí tí awakọ̀ yóò fi ní láti pa á. Síbẹ̀ kò lè gbéra kí ọ́ìlì tó móoru tó, nítorí náà àkókò tó ní láàárín méjèèjì kúrú, àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní pápá tó mọ Spitfire dáadáa sì máa ń fún un láàyè ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Imú rẹ̀ gùn, ó sì ga nígbà tí ìrù wà nílẹ̀, débi pé awakọ̀ kò rí ohunkóhun níwájú. Ó ní láti máa yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń lọ, kí ó lè máa yọjú wo ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá sì tẹ bíréèkì jù, imú á dojú kọlẹ̀, prọ̀pẹ́là á sì fọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn jókòó sí ìdí ìrù nígbà ogun bí afẹ́fẹ́ bá le. Ní oṣù Kejì ọdún 1945, ọmọbìnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin RAF, Margaret Horton, ṣì wà lórí ìrù AB910 nígbà tí awakọ̀ rẹ̀, tí kò mọ̀, gbéra. Ọkọ̀ náà yí ká, ó sì balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìséwu. AB910 yẹn gan-an ṣì wà ní Coningsby.

Báwo ni gbígbéra ṣe rí?

Agbára prọ̀pẹ́là a máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó ní Merlin ń fà sí òsì, èyí tó ní Griffon ń fà sí ọ̀tún, nítorí prọ̀pẹ́là Griffon ń yí ní ìdàkejì. Awakọ̀ tó bá ń wa oríṣi méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ara rẹ̀ kí ó tó ti ọ̀pá agbára, ẹsẹ̀ wo ni yóò lò. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fún un ní agbára, kò sì yẹ kí a fún un ní gbogbo rẹ̀.

Bí àgbá bá ti kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tí a fi ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè wà ní apá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún awakọ̀ sì wà lórí ọ̀pá ìdarí. Ó ní láti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ lára ọ̀pá agbára, kí ó fi di ọ̀pá ìdarí mú, kí ó tó lè na ọwọ́ ọ̀tún. Bí kò bá ti mú ọ̀pá agbára le ṣáájú, yóò yọ́ padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, agbára á sì dínkù ní àkókò tí kò yẹ rárá. Ọ̀pá ìdarí náà fúyẹ́ gan-an fún imú. Awakọ̀ tuntun a máa jẹ́ kí imú ṣe sókè sódò bí ó ti ń pààrọ̀ ọwọ́, àwọn tó wà nílẹ̀ sì máa ń mọ̀ ọ́n láti ibẹ̀.

Ṣé wọ́n ṣì ń dá àrà lójú ọ̀run pẹ̀lú rẹ̀?

Àwọn aládàáni kan ń yí i po pẹ̀lú ìwọ̀n, nínú òté ìwé àṣẹ wọn. Àwọn ti Coningsby kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yíyípo fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ àti kíkọjá lókè àwọn ènìyàn ni tiwọn. Mo fara mọ́ ti Coningsby. Gbogbo fífà lójijì ń rẹ irin igi apá, rírẹ̀ irin kò sì ní oògùn ju kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa èyí tó tọ́ sí ìrántí. Kábúrétọ̀ àwọn Merlin ìbẹ̀rẹ̀ a máa kùnà bí awakọ̀ bá ti imú sílẹ̀ lójijì: epo á fò sókè nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gé. Àwọn ará Jámánì, tí ẹ́ńjìnnì tiwọn kò ní ìṣòro yìí, ń fi ọ̀nà yẹn sá lọ. Ẹnjiníà obìnrin kan ní ibùdó ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ní Farnborough, Beatrice Shilling, ló ṣe páànù kékeré oníhò kan ní ọdún 1941 tó ń díwọ̀n epo tó ń wọlé, òun fúnra rẹ̀ àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì lọ fi í sínú ẹ́ńjìnnì láti pápá kan sí òmíràn. Àwọn tó ń tún Spitfire ìbẹ̀rẹ̀ ṣe lónìí mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Ibo ni ewu ti pọ̀ jù?

Ní ìbalẹ̀. Ẹsẹ̀ Spitfire súnmọ́ ara wọn, nítorí ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ ni wọ́n ti so wọ́n, tí wọ́n ń ká síta sínú apá. Afẹ́fẹ́ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá lè gbé apá kan, ọkọ̀ á sì yí pòyì lórí ilẹ̀. Bí ó bá sì ń bọ̀ tààrà, imú á bo ojú ọ̀nà; nítorí náà, awakọ̀ máa ń rọ́ wá ní ìlà tó tẹ̀, tí yóò máa wo pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó tó balẹ̀, kí ó tó mú un tọ́. Fún Mark 5, ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde bí ìyára bá ju 160 máìlì ní wákàtí kan lọ, fúláàpù kò sì gbọ́dọ̀ jáde bí ó bá ju 140 lọ. Fúláàpù náà kò ní àárín: ó wà nílẹ̀ pátápátá tàbí lókè pátápátá. Nǹkan bí 85 máìlì ní wákàtí kan ló fi ń kọjá orí ọgbà pápá. Pápá koríko dùn mọ́ ọn ju kọ́ńkéré lọ, nítorí koríko máa ń jẹ́ kí àgbá yọ̀ díẹ̀, kọ́ńkéré á dì í mú, á sì yí ọkọ̀ lójijì.

Ta ló lè wà á?

Kò sí ẹni tó ń bọ́ láti inú Cessna sínú Spitfire. Awakọ̀ á kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ onígbáàrù, ìyẹn èyí tí àgbá kékeré rẹ̀ wà ní ìrù, bíi Tiger Moth àti Chipmunk. Lẹ́yìn náà Harvard, tó wúwo, tó sì lágbára débi tí yóò fi tú àṣírí ẹni tí kò tíì tó. Àwọn Spitfire oníjòkòó méjì tó wà báyìí ti mú ẹ̀kọ́ náà rọrùn sí i, nítorí olùkọ́ lè jókòó sẹ́yìn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan, kò sì fìgbà kan jẹ́ bẹ́ẹ̀: nígbà ogun, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ Air Transport Auxiliary ló ń gbé Spitfire tuntun láti ilé iṣẹ́ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun, ní ìgbà tiwa, Carolyn Grace wa ML407, ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀run ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé èrò lè bá wọn wọ̀ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní Goodwood, Biggin Hill àti Duxford. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni owó rẹ̀. Èrò á fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò dé ìwọ̀n ààbò ọkọ̀ èrò. Ẹ ka ìwé náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn gbogbo ewu yìí, ṣé kò sàn kí a fi gbogbo wọn sínú musíọ́ọ̀mù?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan, jẹ́ẹ̀tì Hawker Hunter, já sí ojú ọ̀nà ní Shoreham nígbà àríyá òfuurufú, ènìyàn 11 tó wà nílẹ̀ sì kú. CAA mú òfin àríyá le gan-an lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Spitfire MK356 já nítòsí Coningsby, awakọ̀ rẹ̀ sì kú, RAF sì dá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ dúró nílẹ̀ fún ìgbà kan. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkọ̀ yìí láìdárúkọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kò sọ òtítọ́ tán.

Síbẹ̀ mo gbà pé kí àwọn kan máa fò. Ọ̀pọ̀ Spitfire ló ti wà nínú musíọ́ọ̀mù tí kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, ó sì yẹ kí èyí tó bá ṣì ní gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ bí a ṣe ń tún Merlin ṣe, bí a ṣe ń kan rífẹ́ẹ̀tì sí ara apá tó tẹ̀ yẹn, bí ọwọ́ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀pá kan ti le jù, kò sí nínú ìwé. Ọwọ́ ni a fi ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí kò bá sì sí ọkọ̀ tó ń fò, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa wà á láti fi ṣe àṣehàn lókè orí àwọn ènìyàn.

Èló ni wọ́n ń tà á?

P9374 tó ti inú yanrìn Calais wá ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní London ní oṣù Keje ọdún 2015 ní iye tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn, wọ́n sì fi owó náà ṣe àánú. Iye tí a fi rà á kọ́ ni yóò dá olówó rẹ̀ lóró, bí kò ṣe ti ọdọọdún: ẹ́ńjìnnì, ilé ìpamọ́, owó ìbánigbófò, àti owó oṣù àwọn mẹkáníìkì.

Níbo ni mo ti lè rí i?

Ẹni tó bá wà ní London lè lọ sí RAF Museum ní Hendon, níbi tí wọn kì í gba owó ìwọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í fò, ṣùgbọ́n ẹ lè súnmọ́ wọn. Ní Duxford, nítòsí Cambridge, ni ẹ ti lè rí èyí tó ń fò àti èyí tí wọ́n ṣì ń tò. Ní Coningsby, wọ́n ń mú àlejò wọ inú ilé ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ nígbà òtútù, tí wọ́n ti ṣí gbogbo páànù ara ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń mú yín yíká pé ẹ fẹ́ rí páànù tí wọ́n fi lẹ apá òsì P7350.